OM àti PSG ní Vélodrome: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àlàmú Croydon

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́rin la fẹ́ lọ wo eré bọ́ọ̀lù OM (Olympique de Marseille) àti PSG (Paris Saint-Germain) ní Vélodrome, pápá OM ní Marseille. Méjì ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan láti Ìbàdàn, ẹnì kẹrin jẹ́ ọmọ ọdún 11. Báwo la ṣe ń rí tíkẹ́ẹ̀tì gidi? Ibo ló dára kí ọmọdé jókòó sí? Ọjọ́ mélòó ló yẹ ká yà sọ́tọ̀? Ẹnì kan nínú wa ní jẹ́sì PSG, ó sì ní dandan ni kí òun wọ̀ ọ́.

Baba Ganay

Ẹ jẹ́ ká ti orí jẹ́sì yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló lè ba gbogbo ìrìnàjò náà jẹ́ kí ẹ tó fojú kan pápá. Ó ti pẹ́ tí ìjọba kì í sábà jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ PSG wá sí Marseille fún eré yìí, wọn kì í sì í sábà jẹ́ kí ti OM náà lọ sí Paris. Ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà mìíràn mínísítà ètò abẹ́lé ló ń buwọ́ lù ú, nígbà mìíràn préfet, ìyẹn aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní agbègbè náà.

Ẹ ka bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ dáadáa. Àwọn tó bá wá nínú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ nìkan kọ́ ló ń bá wí. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní olólùfẹ́ PSG, tàbí tó ń ṣe bíi tiwọn, kò gbọ́dọ̀ rìn ní àyíká pápá àti ní àwọn òpópónà tí ìwé náà bá dárúkọ. Bí ọlọ́pàá bá bá jẹ́sì náà lọ́rùn rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, "àlejò ni mí, mi ò mọ̀" kò ní gbà á sílẹ̀.

Kó fi í sílé. Kó má ṣe fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó, nítorí wọ́n máa ń ní kéèyàn ṣí jákẹ́ẹ̀tì níbi àyẹ̀wò. Aṣọ dúdú tàbí aláwọ̀ eérú ni kó wọ̀. Kódà aṣọ lásán tí búlúù àti pupa bá pọ̀ lára rẹ̀, kó yẹra fún un lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lyon

Ohun tí Baba sọ dájú. Kí ẹni tó bá rò pé ó ti pọ̀ jù mọ ibi tí ìjà náà ti wá. Ọdún 1899 ni wọ́n dá OM sílẹ̀, PSG kò sí láyé títí di 1970. Ọdún 1993 gan-an ni ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, ní Munich, Basile Boli fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọlé, OM na Milan ní 1–0, wọ́n gba ife Champions League. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ eré Valenciennes bẹ́, ìyẹn owó tí wọ́n fún àwọn agbábọ́ọ̀lù Valenciennes nítorí eré wọn pẹ̀lú OM, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ líìgì ọdún yẹn lọ́wọ́ OM. PSG ló ṣe ipò kejì, síbẹ̀ wọn kò gbé ife náà fún ẹnikẹ́ni. Fún ọdún 32 ni OM fi jẹ́ ẹgbẹ́ Faransé kan ṣoṣo tó gba Champions League, títí PSG fi na Inter ní 5–0 ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2025. Munich náà ni. Bí ẹ bá rí "À jamais les premiers" lára aṣọ ńlá ní Vélodrome, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwa la kọ́kọ́ gbà á, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wa.

Alákòókò

Ìbéèrè ọjọ́ mélòó ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù jù lọ nínú ìrìnàjò yìí. Tíkẹ́ẹ̀tì eré nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ọjọ́ eré ló ń ṣí kúrò níbi téèyàn fi í sí.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni LFP, àjọ tó ń darí líìgì Faransé, máa ń gbé ètò eré gbogbo sáà jáde. Ọjọ́ tí ẹ rí níbẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ lásán ló ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn tẹlifíṣọ̀n á yan ọjọ́ àti wákàtí gan-an, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú eré. OM àti PSG sábà máa ń bọ́ sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago 20:45, ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi kọ wákàtí síwájú rẹ̀, ẹ má ra ohun tí kò ṣeé yí padà.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ wákàtí, ẹ má tíì sinmi. Ẹ wo ti oṣù Kẹsàn-án 2025. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21, aago 20:45 ni wọ́n fi eré náà sí. Ìkìlọ̀ òjò aláwọ̀ ọsàn dé sórí agbègbè Bouches-du-Rhône, wọ́n sì sún eré sí ọjọ́ Ajé, aago 20:00. Tíkẹ́ẹ̀tì eré kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra ọkọ̀ òfurufú àárọ̀ ọjọ́ Ajé ní láti yan èyí tó fẹ́ sọnù. OM na PSG ní 1–0 lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa borí PSG nílé nínú líìgì láti oṣù Kọkànlá 2011.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun Mẹditaréníà ṣì gbóná. Afẹ́fẹ́ olómi á ti orí òkun wá, á sì da òjò wákàtí díẹ̀ tó lè sọ òpópónà Marseille di odò, nítorí orí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí. Oṣù Kẹsàn-án sí ìkọkànlá ló burú jù. Láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ máa wo àwòrán ìkìlọ̀ Météo-France, àjọ ojú ọjọ́ Faransé, kí ẹ wá nọ́ńbà 13, ìyẹn Bouches-du-Rhône. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá di àwọ̀ ọsàn, ẹ máa wo ojú ìwé OM àti ti préfet ní wákàtíwákàtí.

Ètò tí mo máa ṣe fún yín: ẹ dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ìtura tó ṣeé fagi lé títí di wákàtí 24 ṣáájú ni kí ẹ gbà, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá ń gba Paris kọjá, TGV, ọkọ̀ ojú irin ayára, láti Gare de Lyon sí Marseille Saint-Charles ń gba bíi wákàtí 3 sí wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20. Ọkọ̀ ojú irin Ouigo dín lówó, ṣùgbọ́n àyè àtiyí i padà kò fẹjú, nítorí náà ẹ ka òfin rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì ronú pé ẹ ó padà sí Paris lálẹ́ eré. Ìgbà tí rẹfirí bá fi máa fun fèrè ìkẹyìn, bíi aago 22:45, ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn sí Paris ti lọ tipẹ́.

Adúláwọ̀ Saint-Denis

Kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn fi ọ̀rọ̀ Alákòókò yìí sọ́kàn nígbà tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù físà. Físà Schengen ni yóò gbà, owó rẹ̀ jẹ́ €90 fún àgbàlagbà. Àwọn tó ń gba ìwé á tún gba owó iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Ó lè kọ̀wé láti oṣù 6 ṣáájú, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Ìbánigbófò ìrìnàjò rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó €30,000.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn kọ ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé péré. Wọ́n lè fún un ní iye ọjọ́ tó béèrè gẹ́lẹ́, bí wọ́n bá sì sún eré, físà á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó béèrè ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, kí ìwé ilé ìtura rẹ̀ sì bá a mu.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ fi ń gbé ibẹ̀, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò mú yín wọ Faransé. Ẹ̀yin náà nílò físà. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀ fún ìbẹ̀wò kúkúrú, ṣùgbọ́n kó fi àkókò sílẹ̀ fún ìtẹ̀ka àti àwòrán ní ẹnubodè.

Mama Bọ́ọ̀lù

Lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé OM gan-an ni kí ẹ ti rà á. Ìpele ìpele ni wọ́n ń tà á: àwọn tó ti sanwó gbogbo sáà ti ní àga tiwọn, lẹ́yìn náà ni ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ohun tó bá ṣẹ́kù ló kan gbogbo ayé. Fún PSG, ohun tó ń ṣẹ́kù kéré gan-an. Ẹ ṣí àkáǹtì sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé ìrìnnà síbẹ̀, kí ẹ sì fi káàdì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè sí i. Ẹni tó bá ń kọ orúkọ nígbà tí ọjà ti ṣí, wọ́n ti rà á tán.

Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má lọ sí WhatsApp tàbí Telegram. Ẹni tó ta àwòrán kóòdù fún yín lè ti ta kóòdù kan náà fún ẹni márùn-ún. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kì í dá ẹni mọ̀: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń wọlé, àwọn mẹ́rin yòókù á rí iná pupa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lyon

Mo fẹ́ fi kún ti Mama. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà tí kò ní lè wá máa ń tún àga rẹ̀ tà lórí ojú ìwé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, kóòdù tuntun sì ni ẹgbẹ́ máa ń fún olùrà. Ọ̀sẹ̀ eré gan-an ni àwọn àga yìí ń jáde, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ojú ìwé náà ṣí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹ́rin kò ní rí àga mẹ́rin pọ̀. Ẹ wá méjì méjì, kí àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.

Ẹni tó bá ń fi títún tíkẹ́ẹ̀tì tà láìgbàṣẹ ṣe òwò ń rú òfin ní Faransé, ìtanràn rẹ̀ lè tó €15,000. Ẹ má bá wọn ná an lẹ́nu ọ̀nà metro.

Baba Ganay

Ibi ìjókòó wá. Pápá náà gba èèyàn 67,394, apá mẹ́rin ló ní. Jean-Bouin wà níhà ìwọ̀-oòrùn, Ganay ní ìlà-oòrùn, Virage Nord àti Virage Sud wà lẹ́yìn góòlù méjèèjì.

Fún ọmọ ọdún 11, ẹ gba Ganay tàbí Jean-Bouin, àwọn ìlà òkè. Ẹ ó rí bí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe tò, àwọn èèyàn máa ń jókòó níbẹ̀, ẹ ó sì máa wo Virage méjèèjì bí ẹni ń wo egúngún láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bó bá jẹ́ eré ọ̀sán, oòrùn tó ń wọ̀ á máa wọ ojú àwọn tó wà ní Ganay, ẹ mú fìlà. Òrùlé bo gbogbo àga láti ìgbà tí wọ́n tún pápá kọ́ tán ní 2014. Kó tó dìgbà náà, afẹ́fẹ́ mistral máa ń gbá àwọn èèyàn bí ìyẹ́.

Ẹ mú ohun ìbotí fún ọmọ náà. Ariwo báńgà (knockout) tí wọ́n ń jù máa ń dún nínú òrùlé bí ìbọn.

Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì

Ẹ má jẹ́ kí Baba lé àgbàlagbà kúrò ní Virage o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ Vélodrome fi ń jáde lẹ́nu gbogbo ayé, ibẹ̀ ni kó lọ. Ṣùgbọ́n kó mọ òfin ibẹ̀. Ìdúró ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nọ́ńbà àga kò ní agbára níbẹ̀, ibi tó bá ṣófo nígbà tí ẹ dé ni àyè yín. Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ló ni ilé, Commando Ultra 84 àti South Winners ní Sud, tí àwọn South Winners máa ń wọ aṣọ ọsàn. Ẹ má gbé fóònù sókè máa ya ojú wọn.

Bí ẹ bá bá bébà tàbí ọ̀rá aláwọ̀ lórí àga, iṣẹ́ wà fún un: gbogbo yín lẹ ó jọ gbé e sókè kó di àwòrán ńlá kan. Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí pápá, tó mú gbohùngbohùn dání, ni yóò sọ ìgbà tí ẹ ó gbé e sókè. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di igun rẹ̀ mú, kó tẹ́ lókè orí, kí ẹ má sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n á fi ní ó tó. Ẹnì kan tó yọjú wo iṣẹ́ náà ti da ihò sí àwòrán tí gbogbo pápá ń wò.

Orin wọn kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá, nítorí lílé àti ègbè ni. Nígbà "Aux armes", apá kan á lé e, apá kejì á gbè é láti òdìkejì pápá. Wọ́n á lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn á tún ga, títí tí apá méjèèjì á fi pàdé nínú orin kan ṣoṣo tí ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí ẹ má sáré gbè é. Ẹ gbọ́ ti àwọn tó wà lódìkejì parí ná.

Bí ẹ bá sì ń wá ohun tí ẹ ó fi bá ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ Táyé Táíwò, ọmọ wa tó gba ẹ̀yìn apá òsì fún OM láti 2005 sí 2011. Ó wà nínú àwọn tó gba líìgì ní 2010, òun náà ló gba góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Montpellier ní ìparí ife Coupe de la Ligue 2011.

Àlàmú Croydon

Ẹ ṣeun gan-an ni. Jẹ́sì ti padà sínú àpótí. Báwo la ṣe ń dé ibẹ̀ láti Saint-Charles, báwo la sì ṣe ń jáde láàárín èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé? Ṣé wọ́n ń ta bíà nínú pápá?

Mama Bọ́ọ̀lù

Láti pápákọ̀ òfurufú ní Marignane, bọ́ọ̀sì kan ń lọ tààrà sí Saint-Charles. Ní Saint-Charles, ẹ wọ metro M2 tó ń lọ sí Sainte-Marguerite Dromel. Noailles, Notre-Dame du Mont, Castellane, Périer, lẹ́yìn náà Rond-Point du Prado. Bí àga yín bá wà ní Jean-Bouin tàbí Virage Nord, ibẹ̀ ni kí ẹ sọ̀. Bó bá jẹ́ Ganay tàbí Virage Sud, ẹ dúró títí dé Dromel tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sọ̀ níbi tí kò yẹ, ẹ ó yí gbogbo pápá ká láàárín èrò àti irin tí ọlọ́pàá fi dí ọ̀nà.

Ọgbọ́n àtijáde: Dromel ni ìparí ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbéra lófìfo. Nígbà tó bá fi máa dé Rond-Point, ó ti kún, àwọn tó wà níbẹ̀ á máa wò ó bó ṣe ń kọjá. Nítorí náà, bí gbogbo èèyàn bá ń wọ́ lọ sí Rond-Point, ẹ yí sí Dromel. Bí ibẹ̀ náà bá ti kún, ẹ fẹsẹ̀ rìn lórí Avenue du Prado dé Castellane. Òpópónà tààrà ni, igi wà lọ́tùn-ún lósì, bíi ìṣẹ́jú 25 ni. Metro M1 àti M2 ló pàdé níbẹ̀. Ẹ fi orúkọ ilé ìtura yín àti nọ́ńbà fóònù sínú àpò ọmọ náà lórí ìwé, kí ẹ sì fi ibì kan ṣe ibi ìpàdé kí ẹ tó wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kú nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń jáde.

Alákòókò

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn máa ń kú nígbà ìwọlé náà. Ẹ ti ilé ìtura gba tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù, kí fóònù kún fún iná, kí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sì wà lókè pátápátá kí ẹ tó dé iwájú ẹ̀rọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bá wà lórí fóònù ẹnì kan, ẹ pín in ṣáájú. Ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo yín.

Ní ti bíà: òfin Évin ti 1991 ni kò jẹ́ kí wọ́n ta ọtí fún èrò nínú pápá ìṣeré Faransé. Bíà tí wọ́n ń gbé yí ká kò ní ọtí nínú, ẹ má fi owó ra ohun tí ẹ kò fẹ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọlé. Ẹ má gbé ìgò, àpò ńlá tàbí ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó dání. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá ní kí ẹ bá òun mú nǹkan kékeré kọjá ibi àyẹ̀wò, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Mímú iná aláwọ̀ wọ pápá lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 3 àti ìtanràn €15,000.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lyon

Ohun kan tí kò tíì sẹ́ni tó sọ: ẹ tètè jókòó. Èrò máa ń dúró jẹun lóde títí ó fi ku ìṣẹ́jú 20, ìlà á wá dí. Eré yìí kì í dúró de ẹni tó ń bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Nayef Aguerd fi orí gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 5, góòlù kan ṣoṣo náà nìyẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2024, Amine Harit gba káàdì pupa ní bíi ìṣẹ́jú 20, PSG sì ti gba góòlù mẹ́ta kí wọ́n tó lọ sinmi. Bí eré bá jẹ́ 20:45, ẹ wà níbi àyẹ̀wò ní 19:15.

Kí ẹ sì wo ohun kan láti òkè Ganay: gólì PSG máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kúkúrú. Bí àwọn ọmọ OM bá jáde lọ bá wọn, ẹnì kan sí ẹnì kan, títí dé iwájú góòlù wọn, ariwo pápá á yí padà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Àlàmú Croydon

A ti kọ ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun sílẹ̀. Ará Ìbàdàn náà ti tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ, ọjọ́ 9 ló béèrè. Bí wọ́n bá sún eré lẹ́yìn tí a ti wọ pápá ńkọ́?

Alákòókò

Ẹ má ju tíkẹ́ẹ̀tì nù, ẹ má sì pa á rẹ́ lórí fóònù. Ẹgbẹ́ ló máa sọ bóyá kóòdù kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ tàbí wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ẹ fi rà á. Ìmeèlì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ wo inú àpótí ìdọ̀tí (spam) rẹ̀ pẹ̀lú.